Ẹja Tí Ìyá Àgbà Kò Pa

Inú ìgò jáàmù ni ẹja náà wà nígbà tí olùkọ́ sáyẹ́nsì wa gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ìdí ló sì fi ti ilẹ̀kùn kí omi má baà dà nù. Màmá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, gbójú sókè láti ibi bọ́tìnnì tó ń rán mọ́ aṣọ.

"Ẹ káàsán o, Mọ́mì," ni olùkọ́ náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo wá yá ọmọ yín lò ni."

"Ọmọ wà nílẹ̀," ni màmá mi dáhùn. "Bí ẹ bá lò ó tán, kò pọn dandan kí ẹ dá a padà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rín, nítorí mo mọ ohun tó gbé olùkọ́ wa wá. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú, kò sì ní sí nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá dé, yóò kọ lẹ́tà kan. Ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́nsì kan wà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti ilé-ìwé wa lọ́dọọdún, olùkọ́ sáyẹ́nsì ló sì máa ń sọ ẹni tó máa jẹ́. Lọ́dún yẹn, àwa méjì ló kù: èmi, àti ọmọkùnrin kan tí a ń pè ní Ìwájú, torí pé láti ọjọ́ tó ti wọlé, kò jókòó sí àga ẹ̀yìn rí.

"Máàkì ẹ̀yin méjèèjì dọ́gba," ni olùkọ́ wa sọ fún mi. "Mi ò wá ẹni tó mọ̀wé mọ́, mo ti rí méjì. Ẹni tó lè máa wo nǹkan ẹlẹ́mìí lójoojúmọ́ láì bà á jẹ́ ni mò ń wá. Mo ti kó àwọn òdòdó mi fún Ìwájú. Ìwọ ni mo gbé Ọ̀gá wá fún."

Ọ̀gá ni orúkọ ẹja náà. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà ni. Kò gùn ju ìka mi lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí yíǹkì tuntun, ìrù rẹ̀ sì fẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ sílíìkì tí wọn kò tíì gbá létí. Níbi tí ìrù náà parí sí, àmì funfun kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju orí pínnì lọ.

"Akọ ni," ni olùkọ́ wa wí. "Òun nìkan ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Tó bá rí akọ bíi tirẹ̀, ìjà ni títí ọ̀kan á fi kú. Inú ìgò yìí ti há jù fún un. Mo fẹ́ kí o to ilé gidi fún un. Gbogbo nǹkan wà nínú ọkọ̀, mo sì ti kọ bí wàá ṣe ṣe é sínú ìwé. Máa kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́."

Ìyá àgbà na ọrùn wo ìgò náà. "Ẹja yìí mà wọṣọ ju gbogbo wa lọ," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá àgbà kọ́ ilé fún Ọ̀gá. Àpótí gíláàsì náà gùn tó apá mi, ó ń gba ogún lítà omi. Ìwé tí olùkọ́ wa fi sílẹ̀ kún iwájú kún ẹ̀yìn. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ àpótí náà, bó ti wù kó kéré mọ, torí ọṣẹ kì í tán lára gíláàsì, ẹja á sì mu ún. Omi lásán ni mo fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó máa wà nísàlẹ̀. Ìyá àgbà gbé wọn sínú bàsíà, ó ń fọ̀ wọ́n.

"Ìyá Kékeré," ló pè mí, torí ó ní ojú mi jọ tòun, "kí la fẹ́ fi òkúta ṣe?"

"Ilẹ̀ ilé ẹja ni, Ìyá àgbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹja náà ti ń gbélé aláràn-án báyìí."

Ó da omi dúdú nù, ó bu òmíràn, ó sì tún bi mí pé kí la fẹ́ fi òkúta ṣe. Omi keje ló mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀meje ló béèrè.

Ó ti tó ọdún méjì tí ìrántí Ìyá àgbà ti ń jò bí agbada tó lu. Èmi ni mo wá di ìrántí rẹ̀. Láràárọ̀ tó bá jí, yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, yóò sì máa wò mí. N óò sọ ọjọ́ tí a wà fún un, n óò sọ ẹni tó ti kú àti ẹni tó ṣì wà, n óò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tí mo bá ti sọ, ó ti gbà á nìyẹn. Kò bá mi jiyàn rí. Màmá mi kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Oṣù tó ṣáájú, Ìyá àgbà gé apá aṣọ oníbàárà kan dànù, ó rò pé àkísà ni. Màmá mi kò pariwo. Ó kàn sọ fún un pé, "Ìyá, bí ẹ bá tún ba ohun kan jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, inú yàrá ni ẹ ó máa jókòó. Mo ti sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣọ́ọ̀bù yìí ni gbogbo ayé Ìyá àgbà. Ibẹ̀ ló ti ń rán bọ́tìnnì, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohùn èèyàn.

Mo to òkúta náà. Olùkọ́ wa kọ ọ́ pé ohunkóhun tí mo bá máa gbé sínú omi, kí n kọ́kọ́ fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ nù ún. Bí aṣọ náà bá há, ohun náà á fa ìrù ẹja ya. Mo mú àjákù sílíìkì màmá mi, mo fi nu ìkòkò amọ̀ kékeré tí Ọ̀gá máa sá sí. Aṣọ há lẹ́ẹ̀kan, mo fi pépà oníyanrìn tí káfíńtà fi ń ha igi ha ojú ibẹ̀ títí ó fi dán. Mo gbin ewé omi tó fẹ̀ tó sì rọ̀, èyí tí Ọ̀gá máa fẹ̀yìn tì bó bá rẹ̀ ẹ́. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sẹ́ omi sí igun kan, mo dín agbára rẹ̀ kù kó má baà máa gbá a kiri. Fóòmù inú ẹ̀rọ náà, láti ilé olùkọ́ wa ló ti wá, kì í ṣe tuntun, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí omi ti ń gbé inú rẹ̀. Mo pọn omi ẹ̀rọ, mo sì kán oògùn sí i kó lè pa agbára kẹ́míkà inú rẹ̀, èyí tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan àmọ́ tó máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Mo fi irin tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ sí i. N kò rọ omi kún un dé ẹnu, torí bẹ́tà máa ń wá sókè wá mí, ó sì máa ń fò. Mo fi ìdérí bò ó.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ni pé: "Má gbé e síbi tó ti máa rí ara rẹ̀ nínú dígí." Mo kà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo kà á.

A fi ìgò jáàmù lé omi títí omi méjèèjì fi lọ́ dọ́gba, kí a tó jẹ́ kí Ọ̀gá jáde. Ó yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ inú ìkòkò, ó yọjú.

"Ó ní òun á gbà á," ni Ìyá àgbà wí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ìyá àgbà gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó ń rán bọ́tìnnì, ó sì ń rojọ́ àwọn oníbàárà fún Ọ̀gá. Tó bá ti rí i, Ọ̀gá á wá sí iwájú gíláàsì. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí nílé-ìwé. Òwú ni wọ́n ń pè mí, nítorí òwú ṣọ́ọ̀bù kì í wọ́n lára aṣọ mi. Bí mo bá wọlé, ẹnì kan á ní, "Òwú, abẹ́rẹ́ dà?" gbogbo kíláàsì á sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Fọ́tò. Fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá rí ló ń yà, àwọn èèyàn sì pọ̀ tó ń wò ó. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, Fọ́tò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù wa wá wọ aṣọ kan wò. Ó ń yí ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn níwájú dígí ńlá wa, èyí tó ní ẹsẹ̀ onítáyà, ló bá rí Ọ̀gá.

"Òwú, ta ló ni eléyìí? Kí ló dé tó dá wà bíi tìẹ?"

Àwọn méjì yòókù rẹ́rìn-ín.

"Òun nìkan ló ń gbé ni," mo wí. "Tó bá rí akọ bíi tirẹ̀, ó máa pa á." Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà wọ́n.

"Tó bá wá rí ara rẹ̀ nínú dígí ńkọ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Mo ní, "Á rò pé ẹlòmíràn ni."

Fọ́tò ṣí ike pọ́dà rẹ̀, ó gbé dígí inú rẹ̀ sí ara gíláàsì. Ọ̀gá dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà, awẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì là, wọ́n yọ síta bí irùngbọ̀n dúdú, gbogbo lẹbẹ́ rẹ̀ nà, ó di ìlọ́po méjì ara rẹ̀, ó sì fi orí sọ gíláàsì. Àwọn ọmọbìnrin náà kígbe ẹ̀rín. Fọ́tò ti ń yà á. "Gbé e padà, gbé e padà," ló ń wí, "ẹ wo ojú burúkú."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé-ìwé ti rí fídíò náà. Kò sẹ́ni tó béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ọ̀gá ńkọ́?" ni wọ́n ń bi mí. Ẹnì kan sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì ní àkókò ìsinmi. Fọ́tò fi apá kọ́ mi lọ́rùn. Èmi tí mo ti ń dá jẹun láti ọdún mẹ́rin, mo mọ̀ pé bí kò bá sí fídíò mìíràn, apá náà á kúrò lọ́rùn mi.

Wọ́n ń wá lójoojúmọ́. Inú màmá mi dùn, ó rò pé mo ti ní ọ̀rẹ́. Ó kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi igun iwájú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí dígí pọ́dà kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́, èmi fúnra mi ni mo ti dígí ńlá wá síwájú àpótí. Kò sí ibi tí Ọ̀gá máa yíjú sí tí kò ní bá ọ̀tá rẹ̀ pàdé. Fọ́tò ń ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jà fún ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ogójì.

Lọ́jọ́ kẹta, a bá aṣọ funfun lára dígí.

"Ta ló gbé àkísà sí dígí?" ni Fọ́tò béèrè.

"Èmi ni, ọmọ mi," ni Ìyá àgbà dáhùn láti orí àga rẹ̀. "Ẹja yẹn ń bá ara rẹ̀ jà. Ìjà yẹn, ta ló fẹ́ là á?"

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń mi jìgìjìgì. Fọ́tò sún mọ́ ọn, ó gbé fóònù sókè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

Èmi ni Ìyá àgbà yíjú sí. Bó ṣe máa ń wò mí láràárọ̀ náà ló ṣe wò mí, ó ń dúró kí n sọ fún un. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ dá a lóhùn, Ìyá àgbà. Ẹ̀yin ló bi."

"Ọjọ́..." ló wí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ Ìsinmi ni, àbí?"

Ẹ̀rín bú. Ìyá àgbà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì rí i pé gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, ó bá wa rín in. Mo fa aṣọ náà kúrò lára dígí.

Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá kò jẹun mọ́. Ìrù rẹ̀ ti fà ya ní ibi mẹ́ta, kì í ṣe ìkòkò ló fà á ya. Ó ń dùbúlẹ̀ sórí òkúta, ó sì ń rá pálá wá sókè kó tó lè mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ó jẹun dáadáa. Ara rẹ̀ le." Mo ní lọ́kàn mi pé tí mo bá sinmi àwọn fídíò lọ́la, ara rẹ̀ á yá. Nígbà tí ọ̀la dé, Fọ́tò wá.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí olùkọ́ wa dé. Mo pe Fọ́tò lórí fóònù màmá mi.

"Ẹja lásán ni," ló wí. "Ra òmíràn."

"Ó ní àmì funfun níparí ìrù. Ó máa mọ̀."

"Òwú, kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Èmi ni mo ni ẹja? Má tíì gbé e dànù ṣá. Jẹ́ kí n wá yà á."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́tà yẹn ni mò ń rò. Mo rí i nínú ọwọ́ Ìwájú. Mo wo yíká ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí ike tí Ìyá àgbà fi ń fọ aṣọ ìléwọ́ rẹ̀, àti ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló na ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni. Mo bu ọṣẹ náà sínú àpótí, mo rò ó títí ó fi hó. Lẹ́yìn náà ni mo pe màmá mi.

"Ta ló da ọṣẹ sínú omi yìí?" ló béèrè.

Mo kàn wo Ìyá àgbà.

"Èmi ni?" ni Ìyá àgbà béèrè lọ́wọ́ mi. Kò bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà. Mo bá yín níbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ẹ ti gbàgbé."

Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n pẹ́. "Bí o bá ní èmi ni," ló wí, "èmi náà ni."

Màmá mi gbé àga Ìyá àgbà kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn.

Ibi tó burú jù kò tíì dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá àgbà jí, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, "Ìyá Kékeré, ṣé ẹja wa ti jẹun?" Ó ti gbàgbé. Bó bá gbàgbé, bí olùkọ́ wa bá dé tó sì bi í, tó wá ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ńkọ́? Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ẹja ti kú, Ìyá àgbà. Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ da ọṣẹ sí i." Ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, torí lójú tirẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó tún ti gbàgbé, mo tún sọ fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún sọ. Ní Ọjọ́rú, ó jí, kò bi mí ní nǹkan. Òun ló sọ fún mi. "Mo pa ẹja ẹlẹ́ja," ló wí. "Mo da ọṣẹ sí i."

Mo ti kọ́ ọ. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní àkọ́sórí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ.

Nígbà tí olùkọ́ wa dé pẹ̀lú báńdéèjì lójú kan, Ìyá àgbà jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin tó dàgbà tó ìyá olùkọ́ wa kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárín àjákù aṣọ. "Ẹ forí jì mí," ló wí. "Orí mi ni kò pé mọ́. Ẹ má bá ọmọ yìí wí."

"Ẹ dìde, Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Olùkọ́ wa gbé e sókè, omi ń jáde lójú rẹ̀ kan tó là. Ó ka ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó ń mi orí. "Ó hàn pé o tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí mo wá lọ́nà gbogbo ni mo rí yẹn. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Láràárọ̀, Ìyá àgbà á jí, á sì bi mí pé, "Ṣé tíṣà yẹn ti forí jì mí?" N óò ní bẹ́ẹ̀ ni. Á tún bi mí. Ó pe màmá mi ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ẹja náà nìkan ni kò gbàgbé. Màmá mi ní kó máa bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì fún un. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan. "Rárá," ló wí, "ọwọ́ yìí ń pa nǹkan."

Mo fara dà á fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejìlá, mo lọ bá olùkọ́ wa ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́nsì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: dígí, fídíò, ọṣẹ, irọ́ inú ìwé. Kò pariwo mọ́ mi. Ó na ọwọ́.

"Lẹ́tà dà?"

Mo fún un.

"Ẹja máa ń kú," ló wí. "Bí o bá ti sọ fún mi pé ìwọ lo pa á, ó ṣeé ṣe kí n ṣì kọ lẹ́tà yìí. Àmọ́ o dúró lójú mi, o jẹ́ kí ìyá arúgbó kúnlẹ̀ fún mi." Ó ya lẹ́tà náà sí méjì, ó sì padà sí ibi ìwé tó ń yẹ̀ wò. "Pe Ìwájú wá fún mi bí o bá ń jáde."

Èmi ni mo lọ pè é.

Nílé, màmá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Mo rò pé ọ̀rẹ́ lo ní." Ó bo ojú. "Ìyá mi ni mo tì mọ́ inú yàrá." Lẹ́yìn náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nílé-ìwé, Fọ́tò ti gbé apá rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi tipẹ́. Kì í ṣe Òwú ni wọ́n ń pè mí mọ́. Apẹja ni.

Mo wọ inú yàrá lọ bá Ìyá àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ kò pa ẹja. Èmi ni. Mo purọ́ mọ́ yín."

Ó wò mí pẹ̀lú ìfẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ló wí. "O fẹ́ bá mi gbé ẹrù mi. Má ṣèyọnu, ìyá mi. Èmi ni mo pa á. Mo rántí."

Láti ọjọ́ náà, mo ń sọ òótọ́ fún un láràárọ̀. Mo sọ ọ́ lónìí. Irọ́ wọlé ní àárọ̀ mẹ́rin péré. Òótọ́ ti ń kan ilẹ̀kùn láti oṣù mẹ́sàn-án, kò tíì rí ẹni ṣí i.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Òótọ́ mi lé irọ́ mi bá. Àmọ́ kí ó tó dé, irọ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, bó tilẹ̀ máa gba ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe di í ru ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Èmi di tèmi ru ẹni tó gbà mí gbọ́ ju bó ṣe gba ara rẹ̀ gbọ́ lọ, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbé e. Títí di òní, kò jẹ́ kí n gbà á padà.